Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rìn Lọ Ṣeré ní Young V&A Láìfi Ẹkún Parí Rẹ̀

Òbí tó ń mú ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta lọ sí mùsíọ́mù pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ń gbádùn rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ wọlé, ọmọ sáré lọ dúró síbì kan. Ẹ ní kó wá wo ibòmíràn, ó kọ̀. Ẹ fà á, ó na ara sílẹ̀, ó figbe ta. Kó tó di àkókò oúnjẹ, ó ti rẹ ìyá, bàbá ń wo aago, gbogbo ilé sì padà láìṣe ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jáde. Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Ètò tí wọ́n bá wá ni kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Àpẹẹrẹ tí mo mú ni Young V&A, mùsíọ́mù ọmọdé kan tó wà ní Bethnal Green, ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ṣètò gbogbo ilé náà fún, débi pé wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tó ń rá àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí ẹ bá ń gbé ìlú mìíràn, ẹ lè lo ìpele wọ̀nyí ní ibi ìṣeré mùsíọ́mù tó bá sún mọ́ yín, àfi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rèé: gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, wákàtí kan ààbọ̀, kí ọmọ máa ṣáájú kí ẹ máa tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún méjì kò wá wo mùsíọ́mù. Ó wá fọwọ́ kan nǹkan ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Pampas mẹ́ta, wáìpù, ọ̀rá méjì fún ohun tó bá dọ̀tí, àti aṣọ ìpààrọ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tìbọ̀sẹ̀-tìbọ̀sẹ̀.
- Ọ̀já. Bí ẹ kì í bá pọn ọmọ, báàgì tí wọ́n fi ń gbé ọmọ sáyà náà dára. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní ìpele kejì.
- Kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ṣeé ká pẹ̀lú ọwọ́ kan, bí ẹ bá fẹ́ lo kẹ̀kẹ́ rárá.
- Omi nínú ife ọmọ, àti ìpanu tí kì í rún dànù: moínmóín tí ẹ gé sí wẹ́wẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì.
- Fóònù tó gba iná dáadáa.
- Bébà kékeré tí nọ́ńbà fóònù yín wà lórí rẹ̀, nínú àpò aṣọ ọmọ. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí ìta aṣọ tàbí báàgì rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí má baà máa fi orúkọ pè é.
- Àgbàlagbà kejì, bí ọmọ bá ju ọ̀kan lọ. Fún àwa tí Ọlọ́run fi ìbejì ta lọ́rẹ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíyàn: Táyélolú àti Kẹ́hìndé kì í sáré gba ọ̀nà kan náà.

Ẹ fi gúgúrú àti ẹ̀pà sílé. Mo mọ̀ pé ìpanu wa ni, mo sì mọ̀ pé ìyá àgbà lè ti kó o sínú báàgì, ṣùgbọ́n odidi ẹ̀pà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, gúgúrú náà sì lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Bí ẹ bá gbé èso àjàrà dání, ẹ là á ní gígùn sí mẹ́rin láti ilé. Ẹ fi ohun ìṣeré tí ọmọ fẹ́ràn jù náà sílé, torí bí ó bá sọnù sáàárín ohun ìṣeré ibẹ̀, wíwá a ló máa gba gbogbo àkókò yín.

Ìpele 1: Ẹ fi oorun ọmọ ṣe aago

Young V&A máa ń ṣí lójoojúmọ́ láti agogo 10:00 àárọ̀ dé 5:45 ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ 24 sí 26 oṣù Kejìlá. Ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀ títí. Àfihàn pàtàkì tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n máa ń gba owó fún, ẹ kò sì nílò rẹ̀ fún ọmọ ọjọ́ orí yìí.

Àkókò tí ọmọ ń sùn lọ́sàn-án ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka wákàtí padà sẹ́yìn. Ọmọ tó máa ń sùn ní 12:30 gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ní 10:00, kó jáde ní 11:30, kó sì bá oorun pàdé nínú ọkọ̀. Èyí tó máa ń sùn ní agogo 11:00, ẹ jẹ́ kó sùn tán nílé, kó jẹun, kí ẹ wá dé ibẹ̀ ní nǹkan bí agogo 2:00. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé ń lọ lọ́wọ́, àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé-ìwé wá, pàápàá láàárọ̀, nítorí náà ọ̀sán sábà máa ń rọrùn fún ọmọ tí ariwo ń dẹ́rù bà. Ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi ilé-ìwé ni èrò máa ń pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan lẹ ráyè, ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* wọ́n á ní, "níwọ̀n ìgbà tá a ti jáde, ẹ jẹ́ ká yà sọ́jà Ridley Road ra ẹja àti ata." Ọjà àti mùsíọ́mù lọ́jọ́ kan náà ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún méjì. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ṣe ìkejì ló máa bàjẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹ tó jáde nílé, ṣé ẹ lè sọ wákàtí tí ẹ máa kúrò níbẹ̀? Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ètò yín kò tíì pé. Ẹ tún wo ara ọmọ. Bí ó bá ti bì tàbí yàgbẹ́ gbuuru, ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí 48 lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró kó tó wọ àárín àwọn ọmọ mìíràn. Ohun tí ọmọ yín fẹnu kàn lónìí, ọmọ ẹlòmíràn á fẹnu kàn án láìpẹ́.

Ìpele 2: Ẹ débẹ̀ kó tó rẹ ọmọ

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin méjì ló ń jẹ́ Bethnal Green, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nù. Èyí tó wà lójú ọ̀nà Central, lábẹ́ ilẹ̀, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́mù: bí ẹ bá ti yọrí síta, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Èkejì jẹ́ ti Overground, ẹ ó sì rìn díẹ̀ láti ibẹ̀. Kí ẹ tó tẹ̀ lé máàpù orí fóònù yín, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ pupa ti Central ni wọ́n fi hàn yín.

Bethnal Green ti abẹ́ ilẹ̀ kò ní lífítì. Àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn lásán. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú ọ̀já dání nìyí. Kí ẹ tó kúrò nínú ọkọ̀, ẹ gbé ọmọ pọ̀n, ẹ so ọ̀já náà dan-in-dan-in, ẹ ká kẹ̀kẹ́, ẹ fi ọwọ́ kan mú un, ẹ fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ tí ọmọ wà nínú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ń gbéra ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu, ẹ má ṣe é, kódà bí ẹlòmíràn bá ń ṣe é níwájú yín.

Fún ẹni tó ń bọ̀ láti Thamesmead tàbí Abbey Wood, ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ wọ Elizabeth line tààrà dé Whitechapel. Lífítì wà ní Abbey Wood, ó wà ní Whitechapel. Láti Whitechapel, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 106 tàbí 254 gba Cambridge Heath Road lọ. Ará Peckham lè wọ Overground ní Peckham Rye dé Whitechapel yẹn náà, kó sì wọ bọ́ọ̀sì kan náà. Fún èmi o, bọ́ọ̀sì dára ju abẹ́ ilẹ̀ lọ fún ọmọ, torí ó ń rí ìta, ó ń rí ajá, ó ń rí ọkọ̀ panápaná. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í san owó bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin tí àgbàlagbà bá mú un dání.

*Ìkìlọ̀ kan:* àyè tí ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sí nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló ni ín ṣáájú yín. Bí ó bá fẹ́ wọlé, ẹ gbé ọmọ mọ́ra, ẹ ká kẹ̀kẹ́ láìbá awakọ̀ jiyàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti dé iwájú ilé náà, ojú ọmọ ṣí, kò sunkún, ó ku wákàtí méjì ó kéré tán kí oorun rẹ̀ tó dé. Bí ó bá ti sùn lọ lójú ọ̀nà, ẹ má jí i. Ẹ jókòó títí yóò fi jí, kí ẹ sì yọ àkókò yẹn kúrò nínú wákàtí kan ààbọ̀ yín.

Ìpele 3: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá níta

Ọgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́mù náà tí wọ́n ń pè ní Museum Gardens. Ẹ má ṣe wọlé tààrà. Ọmọ tó ti jókòó sójú kan fún àkókò pípẹ́ ní eré sísá nínú ẹsẹ̀, bí kò bá sì sá a sórí koríko, inú gbọ̀ngàn ló máa sá a sí, á sì kọlu ọmọ tó ń rá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó sáré. Ẹ fún un ní omi àti ìpanu díẹ̀.

Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀ lóòró, láti orí dé bàtà. Bí ẹ bá wá ń wá a (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ojú òbí máa ń dúdú, kì í rántí bóyá aṣọ yẹ́lò tàbí aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Ẹ gbé fọ́tò náà fún òṣìṣẹ́, ó ti parí.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín bá ojú rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta: "À ń wọlé lọ ṣeré. O máa fọwọ́ kan nǹkan. Lẹ́yìn náà, a máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé." Ọmọ ọdún kan kò ní lóye gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀. Gbólóhùn kẹta yẹn lẹ máa padà wá lò nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Ìpele 4: Ẹ wọlé, ẹ dúró, ẹ má rìn

Ẹ ó bọ́ sínú gbọ̀ngàn gíga kan tó ṣófo láàárín, Town Square ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ohùn a sì máa dún padà. Ọmọ mìíràn á rẹ́rìn-ín, òmíràn á fi ojú pamọ́ sí ìtan yín. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ jẹ́ kó wò yíká, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti ń na ọwọ́ sí nǹkan tàbí tó ń jà láti sọ̀kalẹ̀, ara rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn.

Ẹ lo àkókò yẹn láti bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun mẹ́ta: ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sí, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ pampas, àti ọ̀nà tó lọ sí gbọ̀ngàn Play.

Gbọ̀ngàn mẹ́ta ló wà: Play, Imagine àti Design. Play ni tiyín lónìí. Imagine dára fún ọmọ tó ti lè ṣe eré bí ẹni pé, Design sì wà fún àwọn ọmọ tó ti lè ronú lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan. Ẹ ó rí àwọn òbí tó ń fa ọmọ ọdún méjì káàkiri gbọ̀ngàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Torí pé ọ̀fẹ́ ni lẹ ṣe lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ti mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọwọ́ yín kan ṣófo, ọmọ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Ìpele 5: Eré gan-an

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́.

Nínú Play, igun kan wà tó ń jẹ́ Mini Museum. Ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni wọ́n ṣe é fún: ohun tó wà níbẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ojú ọmọ, àwọ̀ pọ̀, ara àwọn nǹkan sì yàtọ̀ síra wọn lọ́wọ́. Bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sì burú bí ẹ bá parí síbẹ̀. Fún èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, ẹ lọ síbi tí búlọ́ọ̀kù fóòmù aláwọ̀ búlúù wà. Búlọ́ọ̀kù ńláńlá ni, àwọn kan gùn ju ọmọ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fúyẹ́.

Ẹ jókòó sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ ni mo wí. Bí ẹ bá dúró lókè orí rẹ̀, ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń rí. Lẹ́yìn náà, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ má sì darí rẹ̀. Ẹ kàn wò ó. Ọmọ kan á gbá búlọ́ọ̀kù gígùn mọ́ àyà, kò ní ríwájú mọ́, á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, á dé ibi ògiri, á jù ú sílẹ̀ gbì, á tún padà lọ gbé òmíràn. Àgbàlagbà tó ń wò ó á fẹ́ sọ pé, "wá, jẹ́ ká fi kọ́lé." Ẹ gbẹ́nu dákẹ́. Ohun tó ń kọ́ kì í ṣe ilé. Ó ń kọ́ bí nǹkan ńlá ṣe lè fúyẹ́, bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó, ibi tí ara rẹ̀ parí sí. Bí ẹ bá yí i padà sí ilé kíkọ́, iṣẹ́ ti di tiyín, á sì fi í sílẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá dá sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe gan-an ni kí ẹ ṣe. Bí ó bá ń jù ú sílẹ̀, ẹ bá a jù ú. Ẹ fi èdè wa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: "O gbé e. Ó ga o! Ó fẹ́ wó… ó ti wó!" Gbé, tò, tì, wó, ju, yí: ọ̀rọ̀ ìṣe kéékèèké wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ wọ etí ọmọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Mo ń gbọ́ tí àwọn òbí wa ń yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá ti wọ irú ibi báyìí, bí ẹni pé Yorùbá kò yẹ gbọ̀ngàn náà. Ó yẹ ẹ́. Bí ìyá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kó kà á fún un, ení, èjì, ẹ̀ta, bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń gun orí ara wọn. Ibi tí èdè ti ń wọlé láìsí ẹ̀kọ́ nìyí, mi ò sì mọ ibi tó dára jù ú lọ fún ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe, àkọ́kọ́:* àwa Yorùbá ti fi "má fọwọ́ kàn án" kọ́ ọmọ láti ilé. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé lè dúró gbagidi kó máa wo ojú yín. Ẹ fún un láṣẹ gbangba: ẹ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, ẹ ní "eléyìí, fọwọ́ kàn án." Bí ẹ bá dé ibi tí gíláàsì wà, ẹ ní "eléyìí, ojú la fi ń wò ó," kí ẹ sì fi ìka kan ojú rẹ̀. Ẹ pe ìyàtọ̀ náà nígbà gbogbo pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.

*Ìkejì:* fóònù. Fọ́tò kan tàbí méjì ti tó. Bí ẹ bá gbé fóònù sójú, ẹ ti kúrò nínú eré náà, ọmọ sì mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú ọmọ ọlọ́mọ wọ inú fọ́tò tí ẹ máa gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

*Ìkẹta:* ohun tó ń lọ sẹ́nu. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á fi ahọ́n dán gbogbo nǹkan wò. Ẹ má pariwo. Ẹ fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi wáìpù nu èyí tó fẹnu kàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ó ti ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìwo ojú yín. Èyí ni àmì tó dájú jù. Ọmọ tó ń tún nǹkan ṣe ti wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀. Bí ó bá ń sáré láti ibì kan sí ibòmíràn láìdúró, ebi, òùngbẹ tàbí ariwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: ẹ lọ sí ìpele keje.

Ìpele 6: Nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀

Á ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kò tíì lóye kí a jọ lo nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣeré, wọn kì í bá ara wọn ṣe é. Nítorí náà, ẹ má retí pé ọmọ yín á yọ̀ǹda, ẹ má sì rò pé ọmọ ẹlòmíràn ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Nílé wa, ọmọ kan kì í ṣe ọmọ ẹnì kan, àgbàlagbà tó bá wà nítòsí lè bá ọmọ wí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ tí kì í ṣe tiyín, ẹ má fi ohùn líle bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí ní ìṣẹ́jú kan lè di ìjà àgbàlagbà. Ẹ wá òbí rẹ̀ pẹ̀lú ojú, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ náà kí ara yín di ògiri. Ọmọ tiyín ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀: "Ó ń lò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kàn ọ́. Wá, jẹ́ ká gbé eléyìí." Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ló gbá ẹlòmíràn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ bẹ òbí yẹn, ẹ béèrè bóyá ó dun ọmọ náà. Ẹ má na ọmọ yín láti fi tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọmọ ti rí ohun mìíràn dì mú. Bí ìjà bá tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ìpele 7: Ẹ sinmi kó tó sunkún

Nígbà tí ìṣẹ́jú ogójì bá kọjá, ẹ mú un kúrò níbi eré, kódà bí ó bá ń gbádùn ara rẹ̀. Pampas, omi, ìpanu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí itan yín. Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ jókòó kí ẹ fún un: òfin Equality Act ti 2010 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lé yín torí ìyẹn.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun. Jẹ́ẹ̀lì ọwọ́ kì í pa kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó máa ń ràn láàárín ọmọdé nígbà òtútù.

Bí ẹ bá sì gbójú sókè tí ẹ kò rí ọmọ, ẹ má dá rìn káàkiri. Ẹ pe òṣìṣẹ́ tó bá súnmọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀, ẹ fi fọ́tò hàn án. Kí àgbàlagbà kejì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi oríkì rẹ̀ pè é sókè, Àjọkẹ́ o, Àkànní o. Tí wọ́n bá ń ké orúkọ káàkiri gbọ̀ngàn, etí ọmọ lè gbójú fò ó, ṣùgbọ́n oríkì tí ẹ fi ń kí i láàárọ̀ yàtọ̀ létí rẹ̀.

Ìpele 8: Ẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó ṣì dùn

Ẹkún tó pọ̀ jù ń bẹ́ sílẹ̀ níbí, ohun tó sì ń fà á ni pé àwọn òbí máa ń dúró títí ó fi rẹ ọmọ kí wọ́n tó ní "ó yá." Ọmọ tó rẹ̀ kì í gbọ́ "ó yá."

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lọ bá a nílẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká: "Ó kù díẹ̀ ká lọ." Kò mọ ìṣẹ́jú, nítorí náà ẹ fi iṣẹ́ kà á: "Gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sí i, ká wá máa lọ." Ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀kẹta bá ti balẹ̀, ẹ má fi ẹ̀kẹrin kún un, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹ fún un níṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀: kó gbé ife omi rẹ̀, tàbí kó ju ọwọ́ sí búlọ́ọ̀kù pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rán an létí gbólóhùn kẹta tí ẹ sọ níta: "A máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé."

Ẹ má sọ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ẹ má sọ pé òyìnbó yẹn máa gbé e lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ẹni tí a fẹ́ kó sáré lọ bá bí ó bá sọnù. Ọmọ tí ẹ ti fi wọ́n dẹ́rù bà á sá pamọ́ fún wọn.

Ilé ìtajà wọn wà nísàlẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe, tàbí kí ẹ pọn ọmọ kí ẹ tó kọjá níwájú rẹ̀.

Bí ó bá sunkún pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ má bínú, ẹ má padà sẹ́yìn. Ẹ gbé e, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ máa jùjù ú lẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń rìn lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹkún rẹ̀ ti dákẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé, tàbí kí ẹ tó jókòó nínú rẹ̀. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, nígbà míì ẹ kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú ogún ṣáájú.

Ìpele 9: Nílé

Ẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó kan ohunkóhun. Lálẹ́, ẹ fi fọ́tò kan ṣoṣo hàn án, ẹ sọ ohun tó ṣe, ní títò bó ṣe ṣẹlẹ̀: ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé búlọ́ọ̀kù, ó wó, ó dàbọ̀. Bí ìyá àgbà bá wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ pè é lórí WhatsApp kí ọmọ fi ọwọ́ júwe bí búlọ́ọ̀kù náà ṣe tóbi tó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ wo ohun tó ń fi eré ṣe. Bí ó bá ń to tìmùtìmù lé ara wọn tó sì ń wó wọn, ibi búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ padà sí nígbà míì, tààrà, láìyà síbòmíràn. Bí ó bá ń fi ọwọ́ pa ara aṣọ, kápẹ́ẹ̀tì àti irun orí yín, Mini Museum ló ń wá. Ẹ mú un padà síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lákòókò kan náà, kí ẹ gba ọ̀nà kan náà. Ní ìgbà kejì yẹn, ọmọ á ti mọ ilẹ̀kùn, á máa fà yín lọ́wọ́ wọlé, ẹ ó sì lè fi Imagine kún un fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí òun fúnra rẹ̀ bá yà síbẹ̀.